Ilé Ni A Ti Ń Kó Ọ̀rọ̀ Ròde: Bí Òbí Ṣe Lè Ran Ọmọ Lọ́wọ́ Láti Mọ Ọ̀rọ̀ Kọ

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní àpéjọ ọdọọdún

  

Orí-ọ̀rọ̀ tí a fi fún mi kéré létí, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ jìn. A ní kí n sọ bí òbí ṣe lè ran ọmọ kékeré lọ́wọ́ nínú ilé kí ó lè mọ ọ̀rọ̀, kí ó sì mọ ọ̀rọ̀ náà kọ bí ó ti tọ́. Ẹlòmíràn lè wí pé, "Iṣẹ́ tíṣà ni èyí, èéṣe tí a fi gbé e wá sí àpéjọ àwọn òbí?" Ìdáhùn mi sí ìbéèrè náà ni mo fẹ́ kí ẹ mú lọ sílé: ní ti èdè wa, fún àwa tí a ń gbé ìlú òkèèrè, bí ilé kò bá kọ́ ọmọ, kò sí ẹlòmíràn tí yóò kọ́ ọ. Bí ilé bá sì ṣetán láti kọ́ ọ, ìṣẹ́jú 15 lójúmọ́ tó fún iṣẹ́ náà.

Ohun tí ó wà nílẹ̀

Ẹ wo àwọn ọmọ wa nínú ìsìn. A pe orin, wọ́n ṣí ìwé, ẹnu wọn ń lọ geere. Ṣùgbọ́n bí a bá pe orin tí wọn kò tíì há sórí, ẹ ó rí i pé wọ́n gbé ojú kúrò nínú ìwé, ẹnu àgbà ni wọ́n ń wò. Ọmọ tí ó ń gba ipò kìíní nínú Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé kò lè ka ẹsẹ Bíbélì mẹ́ta ní èdè ìyá rẹ̀ láìkọsẹ̀. Kì í ṣe pé ọmọ náà gọ̀. A kò kọ́ ọ ni. Bí ìyá-ìyá rẹ̀ bá pè é lórí fóònù láti ilé, "Ẹ káàárọ̀, mà" ni ó mọ̀. Lẹ́yìn èyí, a gbé fóònù lé ìyá rẹ̀ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀ ni ìyá àgbà lè lọ sí ibi tí àgbà ń rè láìjẹ́ pé òun àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ti jọ sọ ọ̀rọ̀ tí ó kún ẹnu rí. Àdánù tí ó wà nínú ọ̀ràn yìí nìyẹn. Kì í ṣe ti máàkì ìdánwò nìkan.

Ta ni ó sì mọ ọ̀la? Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Ghana pàṣẹ pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde kúrò ní ilẹ̀ náà. Ọ̀sẹ̀ méjì ni a fún wọn. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí a bí sí ọ̀hún ni ó di èrò ìlú baba wọn ní ọ̀sán kan òru kan. Ilé tí a kò retí láti padà sí lè di ilé tí a ó sùn lọ́la. Ọmọ tí ó gbọ́ èdè ibẹ̀, tí ó sì mọ̀ ọ́n kà, ti rí nǹkan fi wọlé.

Kò sì yẹ kí a jókòó máa retí ìjọba. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà fọwọ́ sí ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, a kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa lò. Àní nígbà tí ìlànà náà wà, èdè àdúgbò ni ó ní lọ́kàn: ọmọ wa tí ó wà ní Kano, Hausa ni ìbá bá pàdé, kì í ṣe Yorùbá. Ó dára kí ọmọ mọ èdè ìlú tí ó ń gbé. Kí òbí kankan má ṣe dá a lẹ́kun. Ṣùgbọ́n ta ni yóò fi ti ilé kún un?

Àwọn òbí mìíràn ń bẹ̀rù pé Yorùbá yóò ba Gẹ̀ẹ́sì ọmọ jẹ́. A ti dán ọ̀ràn náà wò. Ní ọdún 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babatunde Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan nínú èyí tí a fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà gbáko, tí a sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, láti ọwọ́ olùkọ́ tí ó mọ̀ ọ́n dunjú. Nígbà tí a fi wọ́n wé àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn tí a kọ́ ní ọ̀nà àtijọ́, wọn kò rẹ̀yìn. Nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, wọ́n ṣe dáadáa jù wọ́n lọ. Èdè ìyá kì í ba èdè ilé-ìwé jẹ́. Òun ni ìpìlẹ̀ tí a ń kọ́ èkejì lé lórí.

Ìlú òkèèrè ni a ti bẹ̀rẹ̀

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe wí pé ẹni tí ó jìnnà sílé kò lè ṣe iṣẹ́ yìí. Ìlú òkèèrè gan-an ni a ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Samuel Ajayi Crowther, ọmọ Òṣogùn, ni a kó lẹ́rú ní ọdún 1821. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á sílẹ̀ lójú omi, ó sì gúnlẹ̀ sí Freetown ní ilẹ̀ Sierra Leone ní ọdún 1822. Ní Freetown náà, láàrin àwọn ẹ̀yà tí a kó jọ láti ibi gbogbo, ni àwọn ọmọ Yorùbá ti wà tí èdè wọn kò kú mọ́ wọn lẹ́nu. Ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá tí Crowther ṣe jáde ní ọdún 1843, ọdún mẹ́ta kí ó tó dé Abẹ́òkúta. Ní oṣù kìíní ọdún 1844 ó ṣe ìsìn ní èdè Yorùbá ní Freetown. Láti inú irúgbìn yìí ni odidi Bíbélì Yorùbá ti jáde ní ọdún 1884.

Bí a bá wò ó dáadáa, iṣẹ́ àwọn baba wọ̀nyí dúró lórí ìbéèrè méjì péré: "Kí ni a ń pe èyí?" àti "Báwo ni a ṣe ń kọ ọ́?" Ẹni tí a fà tu kúrò nílé ni ó jókòó ti èdè rẹ̀, tí ó ń ṣa ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìbéèrè méjì náà ni mo fẹ́ kí ó máa dún nínú ilé yín. Gbogbo ohun tí mo ní í sọ láti ìsinsìnyí lọ, ọ̀nà àti bi í ni.

Ìkíní: Kí etí ṣáájú ọwọ́

Ọmọ kò lè kọ ohun tí etí rẹ̀ kò yà sọ́tọ̀. Kí a tó fún un ní pẹ́ńsù, kí a kọ́kọ́ jẹ́ kí ó fi àtẹ́wọ́ gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ wí pé "bàtà". Kí ó pàtẹ́wọ́ lẹ́ẹ̀mejì: bà, tà. Ẹ wí pé "àgbàdo". Ẹ̀ẹ̀mẹta ni: à, gbà, do. "Olùkọ́ni" yóò gba àtẹ́wọ́ mẹ́rin. Ọmọ tí ó bá lè ṣe èyí ti ṣe ìdajì iṣẹ́, nítorí pé ní èdè tiwa, bí a ti ń pè é ni a ń kọ ọ́: àtẹ́wọ́ kan, ègé ọ̀rọ̀ kan.

Lẹ́yìn èyí ni ohùn. Mẹ́ta ni ohùn wa: ti ìsàlẹ̀, ti àárín àti ti òkè, èyí tí àwọn akọrin ń pè ní dò, re, mí. Kí ọmọ fi dò-re-mí pe orúkọ ara rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́. Òjó jẹ́ dò, mí. Adé jẹ́ re, mí. Àjàyí jẹ́ dò, dò, mí. Kí ó máa fi ọwọ́ hàn án: ọwọ́ nílẹ̀, ọwọ́ níwájú àyà, ọwọ́ lókè orí. Nígbà tí eré yìí bá ti mọ́ ọn lára, ẹ pe àwọn wọ̀nyí fún un: igba tí a ń ka lówó, igbá tí a fi ń bu omi, ìgbà tí ń kọjá lọ, àti igbà tí a fi ń gun ọ̀pẹ. Lẹ́tà kan náà ni gbogbo wọn. Ohùn ni ó yà wọ́n.

Ìkejì: Kí ọmọ mọ lẹ́tà 25 wa, kí ó má dà wọ́n pọ̀ mọ́ ti ẹlòmíràn

Lẹ́tà ábídí Yorùbá jẹ́ 25. Gb jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, kì í ṣe méjì. A kò ní c, q, v, x tàbí z. Níhìn-ín ni ìlú tí a ń gbé ti máa ń da ọmọ láàmú. Ọmọ tí ó ń kọ Hausa àti Gẹ̀ẹ́sì ní ilé-ìwé ti mọ̀ pé sh ni a ń kọ. Ó tún rí Oshogbo, Ilesha àti Shagamu lára pátákó ojú ọ̀nà. Bí a kò bá sọ fún un, kò lè mọ̀ pé Òṣogbo, Iléṣà àti Ṣàgámù ni. Ọmọ tí ó wà ní Kumasi ti rí ɛ àti ɔ nínú ìwé Twi. Ẹ sọ fún un pé ẹ àti ọ wa ni ìbátan wọn, pé àmì abẹ́ ni àwa ń lò. Ọmọ tí ó ń gbé láàrin àwọn Ga tàbí Ewe yóò rí kp. Ohun tí àwọn ń fi lẹ́tà méjì kọ ni àwa ń fi p kan ṣoṣo kọ nínú "pápá" àti "ìpàdé". Kí òbí má ṣe bínú sí ọmọ tí ó bá ṣi èdè kan fún èkejì. Kí ó fi méjèèjì lélẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Ọmọ yóò dá wọn mọ̀, bí ó ti ń dá ìbejì mọ̀.

Àmì abẹ́ kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ìyá a máa se iṣu, ọmọ a máa ṣe iṣẹ́. Ẹsẹ wà nínú Bíbélì, ẹsẹ̀ ni a fi ń rìn, ẹ̀ṣẹ̀ ni a ń tọrọ ìdáríjì rẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ sì ni àwọn oníjà ń jà. Bí ọmọ kò bá mọ ìyàtọ̀ wọn, yóò tọrọ ìdáríjì ẹsẹ̀ nígbà tí ó yẹ kí ó tọrọ ti ẹ̀ṣẹ̀.

Òfin kékeré kan tún wà tí ó wúlò. Ìró kan náà ni a ń kọ ní "an" nínú ọ̀rọ̀ kan tí a sì ń kọ ní "ọn" nínú òmíràn. Lẹ́yìn b, f, gb, p àti w, "ọn" ni a ń kọ: ìbọn, ẹfọ̀n, ọgbọ́n, ọpọ́n, ìwọ̀n. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀lọpọ̀ lẹ́tà ìyókù, "an" ni: ìtàn, ẹran, ọ̀kan. Ọmọ tí ó bá mọ èyí ti bọ́ lọ́wọ́ àṣìṣe púpọ̀.

Ìkẹta: Kí a fún ọmọ ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú iṣẹ́ ọwọ́

Ilé ìdáná ni ilé-ìwé àkọ́kọ́ fún ọ̀rọ̀. Ẹ wo ohun tí ó wà níbẹ̀: ìkòkò, orógùn, ìgbákọ, ọlọ àti ọmọ ọlọ, odó àti ọmọ odó, asẹ́, ajẹ̀rẹ̀, abọ́, ọ̀bẹ. Ọmọ tí a ń wí fún lójoojúmọ́ pé, "Gbé nǹkan yẹn wá, fi í sínú nǹkan yìí," kì yóò ní ju "nǹkan" lọ lẹ́nu. Ẹ pe ohun gbogbo ní orúkọ. Bí ìyá bá wí pé, "Mú asẹ́ wá kí a fi sẹ́ ògì," ọmọ ti gba ọ̀rọ̀ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan; ó sì ti rí i pé láti inú sẹ́ ni asẹ́ ti jáde. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹ̀kọ́, olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ ti jáde láti inú kọ́. Ẹni tí ó bá mọ ìyá ọ̀rọ̀ kọ, kò ní ṣòro fún un láti kọ àwọn ọmọ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe orúkọ ohun èlò nìkan. Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀rọ̀ kan, wash, tí ó ń ṣe iṣẹ́ púpọ̀. Ní èdè tiwa, a ń fọ aṣọ, a ń wẹ ara, a ń bọ́ ojú, a ń ṣan ẹsẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìyá ń pọn ọmọ, tí alábàárù ń ru ẹrù, tí ọkùnrin méjì sì ń gbé àpótí. Ọmọ tí ó bá wí pé òun fẹ́ "wash" ojú òun kò ṣe àfojúdi. A kò tíì fún un ní ọ̀rọ̀ náà ni. Kí òbí má ṣe fi rẹ́rìn-ín. Kí ó dáhùn pé, "Ó dára, lọ bọ́jú," kí ó sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Bí ọmọ bá gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nígbà mélòó kan, yóò gbà á.

Ní alẹ́, àlọ́ ń bẹ. Awẹ́ obì kan, à-jẹ-dọ́yọ̀ọ́: kí ni o? Ahọ́n ni. Nígbà tí ọmọ bá já a, kí ó kọ "ahọ́n" sílẹ̀. Ẹ sọ fún un pẹ̀lú pé ahọ́n wà lára àwọn díẹ̀ tí kò tẹ̀lé òfin tí mo mẹ́nu bà lẹ́ẹ̀kan. Gbogbo wa sì mọ̀ pé ahọ́n kì í fẹ́ tẹ̀lé òfin.

Ìkẹrin: Àpèkọ, ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́

Ní ọdún 1885, ọ̀mọ̀wé kan ní ilẹ̀ Jámánì, Hermann Ebbinghaus, tẹ ìwé jáde lórí ìrántí. Ara rẹ̀ ni ó fi dán an wò. Ó ń há àwọn ègé ọ̀rọ̀ tí kò ní ìtumọ̀ sórí, ó sì ń wo iye tí ó kù lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ àti lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan. Ó rí i pé ìgbàgbé a máa sáré ní ìbẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà a dẹwọ́. Àti pé ohun tí a pín kọ́ sí ọjọ́ púpọ̀ a máa dúró ju ohun tí a kó kọ́ ní ọjọ́ kan lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀rọ̀ ọgbọ̀n tí a fi ipá kọ́ ọmọ ní alẹ́ ọjọ́ kan yóò ṣàn lọ bí omi. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Báyìí ni kí a ṣe é. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ kan gàdàgbà. Kí ọmọ wò ó, kí ó pè é, kí ó fi àtẹ́wọ́ gé e. Ẹ fi ọwọ́ bò ó. Kí ọmọ kọ ọ́ láti inú orí. Ẹ ṣí i, kí òun fúnra rẹ̀ fi tirẹ̀ wé e. Ẹ má ṣe yára fi àṣìṣe hàn án. Ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i. Àwọn olùwádìí ìrántí ti fi í múlẹ̀ pé fífa ọ̀rọ̀ yọ láti inú orí ni ó ń mú kí ó fìdí múlẹ̀, ju wíwò ó lọ.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ Ajé, ẹ tún pè é fún un ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ẹ tún pè é ní ọjọ́ Ẹtì, ẹ sì tún pè é ní ọ̀sẹ̀ tí ó tẹ̀lé e. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, ẹ kó àwọn tí ó ti mọ̀ pọ̀ sínú gbólóhùn: "Baba gbé ọkọ́ sínú ọkọ̀." "Ìyá fi igbá bu omi ní igba ìgbà." Ọmọ yóò rẹ́rìn-ín, kò sì ní gbàgbé. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: ọ̀rọ̀ márùn-ún lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, jẹ́ 25, ní ọ̀sẹ̀ 40, ó di 1,000.

Iṣẹ́ yìí kò béèrè owó. Ṣọ́ọ̀kì lára ẹ̀yìn ilẹ̀kùn tó. Páálí tí a fi kó ọjà wálé ni a lè gé sí wẹ́wẹ́, kí a kọ lẹ́tà 25 sára rẹ̀, kí ọmọ máa tò ó bí ó ti ń to ayò.

Ìkarùn-ún: Gẹ̀ẹ́sì ní ọ̀nà tirẹ̀

N kò gbàgbé Gẹ̀ẹ́sì, nítorí òun ni a fi ń dán àwọn ọmọ wa wò ní ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n kí a mọ̀ pé ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Nínú knife, a kọ k, a kò pè é. Nínú laugh, gh di f. Nínú eight, gh náà dákẹ́ pátápátá. Nítorí náà àtẹ́wọ́ nìkan kò tó. Ojú ni ó gbọ́dọ̀ mọ Gẹ̀ẹ́sì. Kí a kó àwọn tí ó jọra sí agbo kan: light, night, right, knee, knife, know. Kí a sì mọ ibi tí etí Yorùbá ti ń tan ọmọ jẹ. Kò sí v nínú èdè wa, nítorí náà van di fan. Kò sí th, nítorí náà thin di tin. I kan ṣoṣo ni a sì ní, nítorí náà ship àti sheep dọ́gba létí rẹ̀. Ẹ pe méjèèjì pọ̀, ẹ fi ìtumọ̀ yà wọ́n. Ojú ìwé kan ni kí ó wà fún Yorùbá, òmíràn fún Gẹ̀ẹ́sì. Kí a má ṣe lú wọn pọ̀.

Ìkẹfà: Ìkọ̀wé àtijọ́ àti ti ìsinsìnyí

Àwọn òbí mìíràn ti gbìyànjú, ṣùgbọ́n wọ́n bá ìdààmú pàdé. Nínú Bíbélì àti ìwé orin àtijọ́, wọ́n rí aiye, enia, nwọn, yio, ẹnyin. Nínú ìwé ilé-ìwé, wọ́n rí ayé, ènìyàn, wọ́n, yóò, ẹ̀yin. Èwo ni kí a fi kọ́ ọmọ? Ọ̀ràn náà kò le. Ní ọdún 1875, àwọn míṣọ́nárì ṣe ìpàdé ní Èkó lórí bí a ó ṣe máa kọ Yorùbá, ọ̀nà ìgbà náà ni àwọn ìwé wa àtijọ́ sì ń tọ̀. Ní ọdún 1974, a fọwọ́ sí àkọtọ́ tuntun fún àwọn ilé-ìwé, pé kí a máa kọ ọ̀rọ̀ bí a ti ń pè é. Ti 1974 ni kí a fi kọ́ ọmọ ní kíkọ. Ti àtijọ́, kí a kọ́ ọ ní kíkà, kí ìwé tí àwọn baba ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ má bàa di òkùnkùn sí i. Kí ó ní ojú méjì fún kíkà, ọwọ́ kan fún kíkọ.

Ìkeje: Òbí tí kò mọ̀wé, àti òbí tí inú rẹ̀ ń yára bí

Mo mọ̀ pé ìyá kan wà níhìn-ín tí ó ń wí lọ́kàn rẹ̀ pé, "Èmi tí n kò mọ̀wé ńkọ́?" Ìyá, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ wà. Ìwé tí ọmọ ń kà, ẹnu irú yín ni a ti kó ohun inú rẹ̀. Ẹ̀yin ni kí ẹ máa bi í pé, "Kí ni a ń pe èyí?" Ẹ̀yin ni kí ẹ pe ọ̀rọ̀ márùn-ún fún un, òun yóò kọ ọ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tàbí olùkọ́ Ilé-ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi yóò yẹ̀ ẹ́ wò. Lẹ́yìn náà, kí ọmọ kà á sókè fún yín. Bí etí yín kò bá gbà á, ọmọ ti ṣì í kà: ní ti ohùn, kò sí olùyẹ̀wò tí ó ju etí ìyá lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu bí ẹ̀yin fúnra yín bá ti mọ̀ ọ́n kà kí ọdún tó yí po.

Ẹ̀yin baba, ẹ má ṣe fi iṣẹ́ yìí sílẹ̀ fún àwọn ìyá nìkan. Ìṣẹ́jú 15 kò ba òwò ẹnikẹ́ni jẹ́. Kí ọmọ rí i pé baba òun náà ń jókòó ti lẹ́tà. Yóò mọ̀ pé ohun iyì ni.

Ní ti ìbáwí: a kì í fi pàṣán kọ́ ọmọ ní ọ̀rọ̀. A kì í sì í fi àṣìṣe rẹ̀ pa àlejò lẹ́rìn-ín, kí a wí pé, "Ẹ gbọ́ Yorùbá ọmọ Jos." Ọmọ tí a fi èdè ilé rẹ̀ ṣe ẹlẹ́yà kò ní bá wa jà, yóò kàn wọ inú Gẹ̀ẹ́sì lọ, kò sì ní jáde sí wa mọ́. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Bí ó bá kọ márùn-ún tí mẹ́ta tọ́, kí a yin mẹ́ta náà, kí a fi méjì sí ti ọ̀la.

Ìparí

Ẹ̀yin ará mi, ohun mẹ́ta ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe kí oṣù yìí tó parí. Ẹ yan ìṣẹ́jú 15 kan lójúmọ́ tí a kò ní fi ṣe nǹkan mìíràn. Lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́ dára. Ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ọ̀rọ̀ márùn-ún láti inú ilé ìdáná. Ní ìparí oṣù, kí ọmọ kọ lẹ́tà onígbólóhùn mẹ́ta sí ìyá àgbà rẹ̀ nílé, kí a ya àwòrán rẹ̀ lórí fóònù, kí a fi ránṣẹ́, kí a sì bẹ ẹnìkan níbẹ̀ kí ó kà á fún wọn. Bí àṣìṣe bá wà nínú rẹ̀, ìyá àgbà kò ní kà á sí. Ohun tí wọn yóò gbọ́ ni pé ọmọ-ọmọ wọn tí ó wà ní ọ̀nà jíjìn ń bá wọn sọ̀rọ̀.

Ilé-ìwé yóò ṣe tirẹ̀. Ìjọba lónìí lè gbé òfin kalẹ̀, ti ọ̀la lè gbé e kúrò. Èyí tí a bá fi lé ọmọ lẹ́nu àti lọ́wọ́ nínú ilé, kò sí àṣẹ tí ó lè gbà á padà. Ẹ jẹ́ kí a lọ fi fún wọn.